Ẹ Fọwọ́ Bo Ìdáhùn Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Màmá Tíṣà Dáhùn Lẹ́tà Yín

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alágbàtọ́. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ọmọ, fóònù, àti ìbéèrè ìdánrawò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mú mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ ni n ó pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí mo mọ̀ pé láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, ilé tí irú ẹ̀ wà kì í ṣe ẹyọ kan.

*"Màmá Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gàrí ni mo ń tà ní ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin mi wà ní Pírámárì 5, Common Entrance ló ń múra sílẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìbéèrè ìdánrawò hàn án lórí fóònù mi. Alaalẹ́ ló ń ṣe é. Bó bá ti ṣe tán á gbé e wá kí n wò ó: 18 nínú 20, ìgbà mìíràn 20 nínú 20. Inú mi ń dùn, mo sì ń ra dátà. Àfi ìgbà tí èsì ilé ìwé dé tí mo rí i pé 7 nínú 20 ló gbà nínú ìṣirò. Ṣé fóònù ló ń purọ́ fún mi ni, àbí ọmọ? Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."* Ìyá Onígàrí, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìyá Onígàrí, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ọmọ. Fóònù kò purọ́. Ọmọ náà kò sì purọ́. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀, kí ó ṣì fi fóònù sílẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ ọmọ mi kan wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi níbí ní Ṣágámù. Òun náà ń gba 19, ó ń gba 20, ó sì ń fò káàkiri pálọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ní kí n jókòó tì í lórí ẹní, kí n wo bó ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè kan jáde. Kò tíì ka ìlà kejì tó ti tẹ C. Mo ní, "Ṣé o ti kà á tán ni?" Ó ní, "Màmá, C ni. Ó ti jáde lánàá."

Àyà mi já. Ọmọ yìí kò mọ ìṣirò náà, lẹ́tà C ló há sórí.

Mo dìde, mo ya páálí kan, mo fi bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kí ó ka ìbéèrè tó kàn sókè kí n gbọ́, kí ó sì sọ ìdáhùn fún mi kí n tó ṣí páálí. Ìbéèrè náà kò le: 1/2 + 1/4. Ó dákẹ́. Ó wo àjà. Ó wo ojú mi, bóyá á rí i kà níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "2/6." Ó ti ro ẹni òkè pọ̀ mọ́ ẹni òkè, ó sì ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Mo ṣí páálí. 2/6 ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ní B. Ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn kò ṣèèṣì fi í síbẹ̀ o. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ tó bá ṣìnà máa já sí.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé kóńgò àti abọ́ méjì sílẹ̀. Mo bu gàrí kún kóńgò kan, mo ní kí ó pín in sí abọ́ méjèèjì dọ́gba. Ó pín in. Mo ní kí ó da ìdajì kan padà sínú kóńgò. Ó dà á. Mo ní kí ó wá pín èyí tó kù nínú abọ́ sí méjì, kí ó da ọ̀kan nínú rẹ̀ kún ti inú kóńgò. Kóńgò sún mọ́ ẹnu, ó ku díẹ̀ kó kún. Mo wá ní, "Lálẹ́ àná, o ní 2/6. 2/6 yẹn náà ni ìdá mẹ́ta kan. Nínú ìdajì àti ìdá mẹ́ta kan, èwo ló pọ̀ jù?" Ó ní ìdajì ni. Mo dákẹ́. Ó wo inú kóńgò, ó tún wò ó. Ó ní, "Háà, Màmá! A bu sí i, ó tún wá dín?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ pé 2/6 mọ́. Èmi kọ́ ló kọ́ ọ, gàrí ló kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní àpò gàrí nílé, ẹ ti ní ohun èlò ju èmi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ọmọ fi ń wo àjà yẹn, tó ń wá ìdáhùn nínú orí ara rẹ̀ nígbà tí kò tíì rí nǹkan kan tó lè tọ́ka sí, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Tí ìdáhùn mẹ́rin bá ti tò síwájú rẹ̀, kò ní wá nǹkan kan. Á kàn máa dá èyí tó bá jọ èyí tó ti rí rí mọ̀ ni. Ẹ sì má gbàgbé pé ìdáhùn mẹ́rin ni: ọmọ tó di ojú méjèèjì tẹ fóònù lè gba nǹkan bíi 5 nínú 20 láìmọ ohunkóhun.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rí èyí. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní Yunifásítì Washington tó wà ní ìlú St. Louis, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkàyé kan. Àwọn kan kà á ní ìjókòó mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á ní ìjókòó kan péré, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sórí pépà òfìfo, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn náà, àwọn alákàtúnkà ló ń ṣe fáàrí: wọ́n rántí 83 nínú 100, àwọn kejì rántí 71. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn alákàtúnkà ti já sí 40, àwọn tó ń fi orí ara wọn wá a ṣì wà ní 61. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn alákàtúnkà gan-an ló fọkàn balẹ̀ jù pé àwọn kò ní gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ yín ṣe ń gbé 18 nínú 20 wá fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tó wà lójú fóònù ló mọ̀. Ilé ìwé wá gbé pépà òfìfo síwájú rẹ̀.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, tí ẹ bá ti ọjà dé tí ẹ sì ti jẹun, ẹ pè é. Ìbéèrè 8 ti tó, 20 pọ̀ jù fún ọmọ tó ti jí láti aago mẹ́fà àárọ̀. Kí ó kà á sókè. Ọwọ́ yín ni kó bo ìdáhùn, àmọ́ tí fóònù bá jẹ́ èyí tí ọwọ́ ń ṣèèṣì tẹ̀, ẹ lo páálí. Kí ó sọ ìdáhùn tirẹ̀, kí ó sì sọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé dídákẹ́ yẹn ló le jù fún ìyá. Á máa ṣe yín bíi kí ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ka oókan, eéjì títí dé ogún nínú yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣí i kí ẹ jọ wò ó, lójú ẹsẹ̀, torí ọmọ tí kò bá tètè mọ̀ pé òun ṣì í lè gbé àṣìṣe náà sùn kí ó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí òótọ́.

Èyí tí kò bá rí gbà, kí ó dà á kọ sínú ìwé kékeré kan. Ìbéèrè nìkan ni kí ó kọ o, kó má kọ ìdáhùn sí i. Lọ́jọ́ kẹta ẹ tún bi í. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan ẹ tún bi í. Láti ọdún 1885 ni ọmọ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti fi ara rẹ̀ dán an wò tó sì kọ ọ́ pé púpọ̀ nínú ohun téèyàn há lónìí ló ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àti pé ohun tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ kọ́ ń pẹ́ lórí ju èyí tí a kó jọ sí ọjọ́ kan lọ. Ìwé kékeré yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Tó bá sọnù, ẹ ra òmíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó má fi 7 yẹn na ọmọ, kó má sì fi 20 yẹn ra bísíkíìtì fún un. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ tíṣà, mo máa ń pe máàkì sókè létí gbogbo kíláàsì, mo sì máa ń na ẹni tó bá gbẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ jẹ́jẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Mo bá a wí gan-an. Ó tó ọdún mélòó kan kí ó tó yé mi pé ẹgba mi ló lé e débẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Tí ọmọ yín bá gbé fóònù wá lálẹ́ òní, ẹ má bi í pé èló lo gbà. Ẹ bi í pé èwo ló le jù.

*"Ẹ káàsán Màmá. Ṣágámù sí Ìkòròdú ni mo ń ná. Tí mo bá délé lálẹ́, ọmọ mi obìnrin á gba fóònù pé òun fẹ́ ṣe ìdánrawò. Kí n tó wẹ̀ tán, fídíò ló ń wò, dátà ti tán. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í níbẹ̀ náà, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣé nǹkan yìí tiẹ̀ wúlò fún ọmọ wa?"* Bàbá Onímọ́tò, Ṣágámù.

Ó wúlò, tí ẹ bá lè yọ ìbéèrè kúrò nínú fóònù. Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò bá jáde, ẹ jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú. Kí ó ṣí ibi ìbéèrè náà, kí ó da mẹ́wàá kọ sínú ìwé, kí ẹ sì ti dátà pa. Mẹ́wàá yẹn ni ẹ ó máa lò títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po. Dídà á kọ gan-an jẹ́ ìwé kíkà, ó sì ti já fídíò kúrò níbẹ̀.

Ní ti dọ́là, ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn kò kọ ọ́ fún ọmọ wa. Ìṣirò kò ní ìlú, ẹ fi náírà rọ́pò dọ́là, kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa ìjọba wọn àti ìtàn wọn, kí ó fò ó. Ìwé tí ilé ìwé rẹ̀ ń lò ni kó jẹ́ òṣùwọ̀n. Tí ìdáhùn fóònù àti ti ìwé bá takora, kí ó mú méjèèjì lọ bá tíṣà rẹ̀, torí mo ti rí ìdáhùn tó ṣì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àti pé bí ibi ìbéèrè kan bá ní kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ilé ìwé tó ń lọ kí ó tó lè ṣe ìṣirò lásán, ẹ jáde níbẹ̀. Kò sí ohun tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ fẹ́ fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe.

*"Màmá, mo kí yín o. SS3 ni mo wà ní Ìkẹ́nnẹ́, UTME ni mo ń múra fún. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe odidi ìdánrawò wákàtí méjì lórí kọ̀ǹpútà. Láti bí oṣù méjì, máàkì mi kò kúrò lójú kan. Ṣé ọpọlọ mi ló kún ni?"* Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkẹ́nnẹ́.

Ọmọ mi, ọpọlọ kì í kún. Láti 2015 ni gbogbo UTME ti di orí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ó dára kí ọwọ́ rẹ mọ́ ọn. Ìbéèrè 180 ní ìṣẹ́jú 120: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Tí o bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Kò sí ẹni tó lè kọ́ nǹkan tuntun láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40. Ohun tó wà lórí tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa rí mú jáde. Ìwọ ń gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, o sì ń bínú pé o kò sanra.

Fi odidi wákàtí méjì yẹn sí ọjọ́ Sátidé nìkan. Láti Ajé dé Ẹtì, mú orí ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́, pa aago tó ń ka ìṣẹ́jú, kí o sì kọ ìdí tí o fi kùnà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìbéèrè tí o bá kùnà. Ṣé o kò mọ̀ ọ́n rárá ni, àbí o ṣi ìbéèrè kà, àbí o kánjú? Àìsàn wọn kò jọra, oògùn wọn náà kò sì lè jọra. Ẹni tó ń ṣi ìbéèrè kà, tó wá ń fi gbogbo òru ka ìwé, iba ló ń ṣe é tó ń lo oògùn ikọ́.

*"Ọmọ aládùúgbò ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀dọgbolú ni mò ń gbé. Ọmọ ọmọ mi méjì ló wà lọ́dọ̀ mi, ìyá wọn wà l'Ékòó. Ìyá wọn ra fóònù fún wọn pé kí wọ́n máa fi ṣe ìdánrawò. Èmi kò kàwé, n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá ń ṣe é, mo kàn ń wò wọ́n ni. Ó ń dùn mí pé n kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́."* Ìyá Àgbà, Ọ̀dọgbolú.

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Lẹ́tà yín ló wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo èyí tó wọlé. Ẹ má bínú sí ara yín. Ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́, àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín gan-an sì lè ṣe wọ́n láǹfààní.

Bí ẹ bá ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́, ẹ pe ọ̀kan nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ yín pẹ̀lú fóònù. Ẹ ní kí ó ka ìbéèrè kan, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Tó bá ń kálòlò, tó ń sọ pé "Màmá, ó ní, ó ní…", ìbéèrè náà kò tíì yé e nìyẹn, kó tiẹ̀ tẹ èyí tó tọ̀nà. Tó bá túmọ̀ rẹ̀ tó sì já gaara, ẹ bi í pé, "Kí ni ìdáhùn rẹ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ẹ kò ní láti mọ ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ, ẹ mọ ojú ọmọ tó mọ ohun tó ń sọ, ẹ sì mọ ti ẹni tó ń méfò. Fóònù yóò sọ fún yín bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá tí ẹ ń bá wọn sọ ló ń fà wọ́n sẹ́yìn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, pẹ̀lú tíṣà tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó bá yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀, ó ti yé e.

Ohun kan sì tún wà tí ẹ ní tí fóònù kò ní. Nígbà tí àwa wà ní kékeré, tí òṣùpá bá yọ, àwọn ìyá wa kì í tò ìdáhùn mẹ́rin síwájú wa. Kò sí A, B, C, D nínú àlọ́ àpamọ̀. "Òrúkú tindí tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á pariwo pé ẹ̀wà ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa wá a lọ nínú orí, títí tí oorun á fi gbé e lọ, tó bá sì jí láàárọ̀ tó bá àgbà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, á dédé kígbe. Mo rántí ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ tí èmi rí tèmi. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, n kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, Màmá, lálẹ́ òní, kí àwọn méjèèjì tó ṣí fóònù, ẹ kọ́kọ́ pa ọ̀kan fún wọn: "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-d'Ọ́yọ̀ọ́." Ọmọ ilẹ̀ wa mọ obì, wọ́n á wá a dé orí igi, wọ́n á wá a dé inú àpò. Ẹ má sọ pé ahọ́n ni. Bí wọ́n bá bẹ̀ yín, bí wọ́n bá tẹ̀lé yín dé ilé ìdáná, ẹ rọra yọ ahọ́n jáde díẹ̀ sí wọn, kí ẹ sì máa rin ewùrà yín lọ.